Jẹ́ Kí N Sọ Ọ́ Tán

Bàtà tí Kànmí wọ̀ lọ́jọ́ tí Tóyìn kọ́kọ́ pàdé rẹ̀ kò ní okùn, ohun tó sì tú àṣírí rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ̀rọ agbéniròkè inú ilé wọn ní Grand Concourse, ní Bronx nílùú New York, ti tún bàjẹ́. Tóyìn ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, ó gbé àpò oúnjẹ dání, ó sì ń kùn sí onílé bó ṣe ń gun àtẹ̀gùn lọ. Ní àjà kẹta ló ti bá ọkùnrin kan tó bẹ̀rẹ̀, tó di bàtà rẹ̀ mú bí ẹni tó ń so okùn. Ó kí i. Ọkùnrin náà kàn mi orí ni. Tóyìn ní irú èèyàn wo tilẹ̀ nìyí, ó bá tirẹ̀ lọ.

Kò tíì dé àjà kẹrin tí ọsàn kan fi já bọ́ nínú àpò rẹ̀, tó yí gbirigbiri sọ̀kalẹ̀. Tóyìn padà lọ mú un. Ọkùnrin náà ṣì bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, okùn bàtà yìí mà ń pẹ́ kó tó so o," ni Tóyìn wí.

Ọkùnrin náà gbójú sókè. Òógùn ti bo iwájú orí rẹ̀. "Ó ta kókó ni," ló fi èémí tó ń já dáhùn.

Tóyìn wo bàtà náà. Irú èyí tí èèyàn kàn ń ti ẹsẹ̀ bọ̀ ni. "Ẹ jọ̀ọ́, okùn wo gan-an ló ta kókó?"

Ọkùnrin náà wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ bí ẹni pé ẹlòmíì ló wọ bàtà náà sí i lẹ́sẹ̀. Ó bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà di ikọ́, ikọ́ náà kò sì tètè tán. Tóyìn gbé àpò rẹ̀ kalẹ̀, ó jókòó tì í lórí àtẹ̀gùn.

"Nọ́ọ̀sì ni mí," ló wí. "Ẹ fi imú fa èémí, ẹ fi ẹnu tú u jáde. Díẹ̀díẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń lé wa."

Nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀, ó ní Kànmí ni orúkọ òun, àjà karùn-ún lòun ń gbé, òun sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní ilé-ìwé girama kan. "Ẹ má sọ fún àwọn ọmọ mi pé Tíṣà wọn ò lè ka àtẹ̀gùn dé àjà karùn-ún."

Tóyìn bó ọsàn náà, wọ́n pín in jẹ níbẹ̀.

Wọ́n tún ẹ̀rọ náà ṣe láìpẹ́, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì ò yé pàdé. Kànmí ti lé ní àádọ́ta ọdún. Ìyàwó rẹ̀ ti kó lọ sí Texas tipẹ́, ó ṣẹ́ku Joanna, ọmọ rẹ̀ obìnrin tí wọ́n bí síbí, tó ń ṣiṣẹ́ ní Brooklyn. Ọkọ tí Tóyìn fẹ́ nílé ti já a sílẹ̀ kó tó wá sí Amẹ́ríkà, Tóyìn sì ti sọ fún gbogbo ayé pé òun ò tún ní fẹ́ ọkọ mọ́. Ẹni tó bá sọ pé àgbàlagbà kì í ya wèrè nítorí ìfẹ́, kó lọ bi àwọn tó ń gbé nínú ilé náà. Kànmí á kó ìwé ìdánwò àwọn ọmọ wá máa máàkì lórí tábìlì Tóyìn, Tóyìn á máa din dòdò, ẹ̀rín wọn á sì máa jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹ̀gbọ́n di Tíṣà, Tíṣà di Tíṣà mi. Kànmí náà ń pè é ní Adé mi.

Kànmí ní bí òtútù ọdún yẹn bá ti kásẹ̀ ńlẹ̀, àwọn á ṣègbéyàwó.

Kí òtútù tó kásẹ̀ ńlẹ̀, ikọ́ náà gbé e dé ilé ìwòsàn. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò títí. Dókítà sọ fún wọn pé ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ń gan, ó ń le bíi kànrìnkàn tó ti gbẹ, kò sì sí oògùn tó lè sọ ọ́ di rírọ̀ padà. Àyà rẹ̀ ò lè gba iṣẹ́ abẹ. Wọ́n fún un ní ẹ̀rọ ọ́síjìn kan tó ń kùn tọ̀sán-tòru lẹ́bàá àga rẹ̀, pẹ̀lú rọ́bà tín-ínrín tó wọ imú rẹ̀. Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò dárúkọ ìgbéyàwó mọ́.

Ẹ̀rù ba Tóyìn. Ẹ̀rù náà ń bá a wọkọ̀ ojú irin lọ síbi iṣẹ́, ó sì ń bá a bọ̀. Bó bá fẹ́ ṣílẹ̀kùn Kànmí, ó máa ń kọ́kọ́ fi etí lé e, kó lè gbọ́ bóyá ẹ̀rọ náà ṣì ń kùn.

Ìyá rẹ̀ pè é láti Ìjẹ̀bú-Igbó. "Adétóyìn, ṣé opó lo fẹ́ lọ ṣe nílùú òyìnbó ni? Ti àkọ́kọ́ já ẹ sílẹ̀. Èyí tún fẹ́... Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí n fẹnu mi sọ ọ́."

"Kò sóhun tó máa ṣe é, Màámi," ni Tóyìn wí. Ó sì mọ̀ pé irọ́ lòun ń pa.

Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni Tóyìn ti ń ṣiṣẹ́, níbẹ̀ ní Bronx. Bàbá òyìnbó kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Albert. Lọ́jọ́ kan, bàbá yìí di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní, "Nọ́ọ̀sì, mò ń kú lọ, ẹ̀rù sì ń bà mí." Tóyìn fa àga, ó jókòó. Ó ní, "Sọ fún mi. Mò ń gbọ́." Bàbá náà sọ̀rọ̀ títí oúnjẹ ọ̀sán fi dé, Tóyìn ò sì gba ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nígbà tó délé, ó ròyìn rẹ̀ fún Kànmí bí wọ́n ṣe ń jẹun. Inú Tóyìn dùn sí ohun tó ṣe.

Kànmí gbé síbí sílẹ̀. "O gbọ́ ọ tán?"

"Mo gbọ́ ọ tán."

Ó rọra mí. "Tóyìn, bí èmi náà bá kú..."

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" Tóyìn ta ìka yí orí rẹ̀ ká, ó jù ú sẹ́yìn. "O ò ní kú. Yíyè ni wàá yè, lórúkọ Jésù."

"Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ká ní..."

"A ò ní ká ní kankan. Tíṣà mi, jẹun."

Kànmí jẹun.

Ẹ má bá Tóyìn wí o. Bí wọ́n ṣe tọ́ gbogbo wa nìyẹn. Ẹnìkan ò lè fi ẹnu ara rẹ̀ pe ikú, kí èèyàn tó fẹ́ràn rẹ̀ jókòó sílẹ̀ máa wò ó. Ẹni tó bá dákẹ́ dà bí ẹni tó ṣe àmín sí i. Nítorí náà ni ẹnu wa ṣe yá báyẹn, a máa ń gba ọ̀rọ̀ náà mọ́ èèyàn lẹ́nu kó tó balẹ̀. Ti òyìnbó tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì yàtọ̀. Kì í ṣe tiwa.

Kànmí tún gbìyànjú nílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Olúyẹ́misí, ní Mariners Harbor, ní Staten Island. Àǹtí Yẹ́misí ló tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn tí bàbá wọn ti kú, kò sì sẹ́ni tó ń bá a jiyàn nínú ẹbí náà. Lẹ́yìn oúnjẹ ọjọ́ Ìsinmi, Kànmí ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ibi tí mo bá fẹ́ kí wọ́n sin mí sí..."

Àǹtí Yẹ́misí dìde lórí àga, ó dá orin. Orin ìyìn ni. Tóyìn gbè é. Kànmí náà gbè é, torí kò mọ ohun mìíràn tó lè ṣe, ṣùgbọ́n nígbà tó dé ìlà kejì, èémí já mọ́ ọn lẹ́nu. Ètè rẹ̀ ṣú. Tóyìn sáré gbé ìwọ̀n ọ́síjìn náà sókè, díẹ̀ ló kù kó ṣì í yí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n tètè jẹ́ kí Tóyìn kúrò níbi iṣẹ́. Ó ra ẹ̀kọ ní ṣọ́ọ̀bù ilẹ̀ Áfíríkà tó wà lójú títì, ó fi kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ ṣílẹ̀kùn Kànmí. Ó gbọ́ ohùn rẹ̀ láti inú yàrá, ó ń bá dókítà rẹ̀ obìnrin sọ̀rọ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Tóyìn fẹ́ kígbe pé òun ti dé. Ohun tó gbọ́ ló jẹ́ kó dúró. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n bó ṣe wọ Tóyìn lọ́kàn nìyí.

"Mo ti gbọ́ pé oògùn tó ò ń béèrè ni èyí tí wàá fi sùn tí o ò ní jí mọ́," ni dókítà wí. "Òfin New York ti gbà á fún ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ kò bá ju oṣù mẹ́fà lọ mọ́. Mo fẹ́ mọ ìdí rẹ̀. Ṣé ìrora ni?"

"Rárá. Ìrora ò pọ̀."

"Kí ni nígbà náà?"

"Ẹ̀rù ni." Ohùn Kànmí balẹ̀. Ó pẹ́ tí Tóyìn ti gbọ́ ohùn rẹ̀ bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn. "Mo wà níbẹ̀ nígbà tí bàbá mi ń kú. Èémí ló ń wá. Gbogbo ara rẹ̀ ló fi ń wá a. Àwa ọmọ dúró yí i ká, à ń kọrin, kò sì sẹ́ni tó bi í léèrè pé kí ló fẹ́. Mi ò fẹ́ kí ọmọ mi rí mi bẹ́ẹ̀. Mi ò fẹ́ rí ara mi bẹ́ẹ̀."

"Ṣé o ti sọ èyí fún àwọn ará ilé rẹ?"

"Mo ti gbìyànjú. Àdúrà ni wọ́n fi ń dá mi lóhùn. Dókítà, ìwọ nìkan ni mo lè bá sọ ọ̀rọ̀ yìí dé òpin."

Dókítà ṣàlàyé fún un pé dókítà kejì gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, pé bíbéèrè kọ́ ni lílò, pé ó lè yí ọkàn rẹ̀ padà nígbàkígbà. Tóyìn ò gbọ́ èyí tó kù. Ó rọra gbé ẹ̀kọ náà sórí tábìlì, ó jáde, ó sọ̀kalẹ̀ dé àjà kẹta. Ibi tí wọ́n ti jẹ ọsàn ló jókòó sí. Ẹ̀rù bà á. Ó bínú sí Kànmí, ó bínú sí dókítà, ó sì tún bínú sí ara rẹ̀, nítorí ó mọ ẹni tó ń fi àdúrà dá a lóhùn.

Ibẹ̀ ni Joanna bá a. Ó ń gun àtẹ̀gùn bọ̀ ní tirẹ̀, nítorí kì í ní sùúrù dúró de ẹ̀rọ.

"Àǹtí Tóyìn? Kí ló ṣẹlẹ̀? Ṣé Daddy ti..." Kò lè parí rẹ̀.

"Rárá. Ó ń bẹ lókè. Dókítà rẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀."

Joanna wo ojú rẹ̀. "Oh. So you heard." Ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Ìwọ mọ̀?"

"He told me. Ní English." Yorùbá Joanna kò ní ohùn òkè, kò ní ti ìsàlẹ̀, ó tẹ́ pẹrẹsẹ bí ojú títì, ṣùgbọ́n ó máa ń débi tó ń lọ.

"Kí lo sọ fún un?"

"I said okay, Daddy. Then mo lọ sí bathroom, mo ṣí omi kó má gbọ́ mi, mo sunkún." Ó fi ọwọ́ nu imú. "I'm so scared, Àǹtí. Mi ò fẹ́ kó lọ early. Not even one day. Ṣùgbọ́n ó ní tí òun bá sọ ọ́ ní Yorùbá, ẹ kì í jẹ́ kí òun parí ẹ̀. He just wants to finish the sentence."

Tóyìn di ọmọ náà mú. Wọ́n jókòó síbẹ̀ títí ẹsẹ̀ wọn fi kú.

Ìbá ti dára ká ní ibẹ̀ ni Tóyìn ti gbọ́n. Kò gbọ́n níbẹ̀. Ohun tí ẹ̀rù ń mú èèyàn ṣe pọ̀. Ó gbé fóònù, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún Àǹtí Yẹ́misí. Ní ọjọ́ kejì, Àǹtí wọ ọkọ̀ ojú omi láti Staten Island, ó wọ ọkọ̀ ojú irin, ó sì dé Grand Concourse ká tó wí ká tó fọ̀. Aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì ló wọ̀, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọjọ́ Ìsinmi.

"Kànmí!" Ẹnu ọ̀nà ló ti bẹ̀rẹ̀. "Ṣé òótọ́ ni pé o fẹ́ gba májèlé lọ́wọ́ òyìnbó?"

Kànmí wo Tóyìn. Tóyìn wo ilẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, Ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jókòó."

"Mi ò jókòó! Wọn ò bí irú ẹ̀ nílé wa. Ọlọ́run tó fún ẹ léèémí ni yóò gba èémí rẹ̀."

"Èémí wo, Àǹtí?" Kànmí fi ìka kan rọ́bà imú rẹ̀. "Èyí tó ń ti ara iná mànàmáná bọ̀ yìí?"

"Má bá mi jiyàn! Àdúrà la ó gbà. Joanna, kúnlẹ̀. Tóyìn, kúnlẹ̀."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbọ́. Bí mo bá kú..."

"Ọlọ́run má..."

"Àǹtí!" ni Tóyìn kígbe.

Tóyìn ti kúnlẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n Àǹtí Yẹ́misí ló kúnlẹ̀ fún. Ó di ìṣẹ́tí aṣọ rẹ̀ mú. "Ẹ dákun, mà. Ẹ má bínú sí mi. Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ tán."

Kò tíì sẹ́ni tó gba ọ̀rọ̀ mọ́ Àǹtí Yẹ́misí lẹ́nu rí níṣojú Joanna. Ọmọ náà fi ọwọ́ bo ẹnu.

Tóyìn dìde, ó fa àga, ó gbé e síwájú Kànmí, ó sì jókòó. Ó di ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì mọ́ra lórí itan, kí ìka rẹ̀ má baà lọ yí orí rẹ̀ ká láìgbàṣẹ. "Tíṣà mi, sọ ọ́. Mò ń gbọ́."

Kànmí wò ó. Omi ti dé ojú rẹ̀.

"Bí mo bá kú," ló wí, ó dúró, ó ń retí. Kò sẹ́ni tó gbà á mọ́ ọn lẹ́nu. "Bí mo bá kú, mi ò fẹ́ kó jẹ́ bí ti Bàámi. Ohun àkọ́kọ́ nìyẹn. Mo máa ń ronú nípa rẹ̀ tí mo bá ti fẹ́ sùn, mi ò sì lè sùn mọ́." Ó mí. "Èkejì, ìwọ ni, Tóyìn. Látàárọ̀ ni wàá ti máa wẹ àwọn arúgbó ibi iṣẹ́ rẹ, wàá sì délé wá wẹ èmi. Mo fẹ́ jẹ́ ọkọ rẹ. Mi ò fẹ́ jẹ́ iṣẹ́ tó kù fún ẹ láti ṣe."

Tóyìn ya ẹnu. Ó tún pa á dé.

"Láti ìgbà tí àìsàn yìí ti dé, kò sóhun tí mo yàn fún ara mi. Ìgbà tí mo máa jẹun, ìgbà tí mo máa wẹ̀, ẹ̀rọ ló ń sọ ọ́ fún mi. Mi ò sọ pé mo fẹ́ lọ lónìí. Bóyá mi ò tiẹ̀ ní lò ó láé. Mo kàn fẹ́ mọ̀ pé ilẹ̀kùn kan wà nínú yàrá yẹn tí wọn ò tì pa mọ́ mi." Èémí rẹ̀ ti ń kúrú. "Mo ti sọ ọ́ tán."

Ẹkún ló kọ́kọ́ dáhùn, kì í sì í ṣe ẹkún Tóyìn. Àǹtí Yẹ́misí ti jókòó sórí àga láìmọ̀, gèlè rẹ̀ ti wọ́.

"Èmi ni mo dá orin lọ́jọ́ yẹn, Kànmí," ló wí. "Lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì Bàámi. O kéré, o lè má rántí. Mi ò lè gbọ́ ìró èémí yẹn mọ́ ni mo ṣe dá orin. Mo fẹ́ kó bo ìró náà mọ́lẹ̀." Ó fi etí aṣọ nu ojú. "Mi ò ní fọwọ́ sí oògùn yẹn o. Mi ò lè fọwọ́ sí i láéláé. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ẹ."

"Ó tó, Ẹ̀gbọ́n mi," ni Kànmí wí.

Tóyìn di ọwọ́ Kànmí mú. Ọwọ́ náà tutù. "Tíṣà, oògùn wà tó lè mú ìnira èémí yẹn dẹrùn, tí èèyàn ò fi ní máa jà bí ẹni tó ń rì sómi. Mo ti rí i lẹ́nu iṣẹ́ mi. Màá bi dókítà rẹ níṣojú rẹ, kí o gbọ́ ọ létí ara rẹ. Ti wíwẹ̀, ẹlòmíì lè wá máa wẹ̀ ẹ́ láàárọ̀, màá máa fi ìpara ra ọ́ lára lọ́wọ́ alẹ́. Ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́."

Kànmí rẹ́rìn-ín díẹ̀.

"Mo kórìíra oògùn tó ò ń béèrè yẹn. Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí, mi ò ní purọ́. Mi ò lè sọ pé kí o gbà á, mi ò sì ní sọ pé kí o má gbà á, torí kì í ṣe èmi ni mo ń wá èémí. Ohun kan ni mo fi ń bẹ̀ ẹ́. Má ṣe é lẹ́yìn mi."

"Mi ò ní ṣe ohunkóhun lẹ́yìn rẹ, Adé mi."

"Ó dáa. Ìgbéyàwó wa ńkọ́?"

"Tóyìn! Ṣé o fẹ́ kí n sọ ọ́ di opó ni?"

"Bí o fẹ́ mi, bí o ò fẹ́ mi, màá sunkún rẹ. Kí n kúkú sun ún bí ìyàwó ilé. Mi ò fẹ́ kí wọ́n bi mí níbi òkú pé ta lèmi."

Ó ti pe òkú kó tó mọ̀. Gbogbo wọn wo ara wọn. Joanna ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì ràn wọ́n pẹ̀lú omi lójú.

Ìyá Tóyìn fajú ro lórí fóònù fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Níkẹyìn, ó ní kí Tóyìn gbé fóònù fún ọkùnrin náà. Ohun tí wọ́n bá ara wọn sọ, ẹnikẹ́ni ò mọ̀, ṣùgbọ́n ìyá náà ránṣẹ́ pé òun ti fọwọ́ sí i. Dókítà wá sílé, ó sì ṣàlàyé oògùn èémí náà títí ó fi yé Kànmí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sùn lóru. Ẹ̀bẹ̀ tó fi síwájú dókítà ṣì wà níbẹ̀. Kò fà á padà, kò sì tì í síwájú.

Kí ọjọ́ ìgbéyàwó tó pé, Rẹ́fúrẹ́ńdì ìjọ Mẹ́tọ́díìsì tí wọ́n ń lọ wá kí wọn nílé. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ó fi ọwọ́ pa ìwé àdúrà lára, ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún.

"Ibì kan wà nínú ẹ̀jẹ́ yìí," ló wí, "mo rò pé a lè fò ó. A lè sọ pé 'ní gbogbo ọjọ́ ayé wa'. Ẹ mọ̀ pé bí nǹkan ṣe rí..."

"Ẹ má fò ó, sà," ni Tóyìn wí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, Kànmí wọ aṣọ funfun, ó jókòó sórí àga onítáyà. Ó ti ní kí Joanna ra bàtà tuntun fún òun, bàtà olókùn. Kò lè bẹ̀rẹ̀ mọ́. Tóyìn kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀ nínú aṣọ ìgbéyàwó rẹ̀.

"Ìyàwó gidi!" ni Àǹtí Yẹ́misí kígbe lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ wò ó bó ṣe ń kúnlẹ̀ fún ọkọ rẹ̀!"

"Okùn bàtà ni mò ń so, mà," ni Tóyìn dáhùn.

"Lọ́tẹ̀ yìí, okùn wà níbẹ̀ lóòótọ́," ni Kànmí wí. Tóyìn gbá a lórúnkún.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n gbé ẹ̀rọ ọ́síjìn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó ń kùn láàárín orin àti láàárín àdúrà. Kànmí ló kọ́kọ́ jẹ́ ẹ̀jẹ́ tirẹ̀, ó ń sọ ọ́ ní ègé ègé, ó ń dúró mí, ìjọ sì ń dúró dè é. Lẹ́yìn náà ló kan Tóyìn.

Ó bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Nínú rere àti nínú búburú. Nínú ọrọ̀ àti nínú òṣì. Nígbà tó dé àìsàn àti ìlera, ó dúró. Rẹ́fúrẹ́ńdì gbé ojú kúrò lára ìwé, ó fẹ́ ràn án lọ́wọ́, ó ya ẹnu láti sọ ìyókù fún un. Tóyìn mi orí. Ó mí sínú, ó fi imú fà á, díẹ̀díẹ̀, bó ṣe kọ́ ọkùnrin kan lórí àtẹ̀gùn nígbà kan.

"Títí ikú," ló wí, ohùn rẹ̀ sì dé ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, "yóò fi yà wá."

Ní ìjókòó iwájú, ọwọ́ Àǹtí Yẹ́misí ti gbéra. Ìka rẹ̀ ti dé ẹ̀gbẹ́ gèlè, ó ti fẹ́ yí orí ká. Ọwọ́ náà dúró lókè níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Àǹtí rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó sì gbé e lé èjìká Joanna.

Kànmí fa Tóyìn mọ́ra títí etí Tóyìn fi dé ẹnu rẹ̀. Rọ́bà imú rẹ̀ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ obìnrin náà.

"O sọ ọ́ tán," ló wí.

"Mo sọ ọ́ tán."

Ẹ̀rù ṣì ń ba Tóyìn. Kò fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.